Ọdẹ wọ oko mi lóru: ìbéèrè tí àwọn onílẹ̀ ń bi mí

Oko bàbá mi wà ní Ìbàràpá, láàárín Èrúwà àti Láńlátẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ ni àwọn ará Èkó, ará Ìbàdàn àti àwọn ọmọ wa lókè òkun tí wọ́n ń ra ilẹ̀ lágbègbè wa kò ti jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti kajú ni wọ́n máa bi mí. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ló pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí mo fi kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò o. Ibi tí mo bá ti dárúkọ òfin, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ta gan-an ni ọdẹ tí kò gbàṣẹ?

Ẹni tó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láti dọdẹ láìsọ fún un, tàbí tó ń pa ẹran tí òfin ní ká má pa, tàbí tó ń fi májèlé àti iná dọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́: lójú àwọn bàbá wa, igbó kò ní ilẹ̀kùn. Ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ìgalà bọ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ kì í dúró bèèrè pé ààlà ta ni òun dé yìí. Olè oko ni ìlú mọ̀ ní olè, ìyẹn ẹni tó wa iṣu oníṣu, tó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó pa òyà nínú ẹ̀gẹ́ yín tiẹ̀ lè máa retí ọpẹ́, torí òyà yẹn ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà run. Onílẹ̀ rí olè, ọdẹ ka ara rẹ̀ sí ọmọ onílùú, ìbọn sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹran tó wà lórí ilẹ̀ mi, ṣé kì í ṣe tèmi ni?

Kì í ṣe tiyín. Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹran ìgbẹ́ tó ń dá rìn nínú igbó kì í ṣe ohun tí èèyàn lè jí, àfi òkú rẹ̀. Òyà tó ń sá kiri nínú oko yín kò rí bí ewúrẹ́ yín. Èyí tí ẹ bá sé mọ́lé tí ẹ ń sìn, àti ẹja tó wà nínú kòtò ẹja yín, tiyín nìyẹn. Ẹni tó bá kó o, ó jalè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tó lè tẹ ilẹ̀ náà àti ẹni tí kò lè tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé kì í dùn mọ́ àwọn tó ná owó ńlá sórí ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìdáhùn yìí.

Ìwé ilẹ̀ mi pé. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń wọlé?

Nítorí pé ọdẹ kò rí ìwé yín. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ oko. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín ni ọdẹ mọ̀ ní tirẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ẹbí náà gan-an, kó ti máa tẹ̀lé bàbá rẹ̀ dọdẹ níbẹ̀ láti kékeré. Lọ́jọ́ tí ẹ ń sanwó, ta ló ránṣẹ́ sí i? Èèyàn á ra ilẹ̀, á kọ “Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọbí” sára géètì, á wakọ̀ padà sí Èkó. Lójú ọdẹ, géètì ni igbó hù.

Mo sùn sóko, mo rí iná lóru. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má jáde lọ bá a.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ kọ́ ahéré tuntun sóko, mo jí ní nǹkan bí aago méjì òru, mo rí iná funfun kan láàárín ẹ̀gẹ́, kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé. Mo ti fa àdá yọ lábẹ́ ẹní. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́, tó wá láti ìhà Kútọnu, di ṣòkòtò mi mú látẹ̀yìn. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wo iná yẹn dáadáa. Kò mì.” Mo ní, “Bàbá, kí ni ti pé kò mì?” Ó ní iná ẹni tó ń rìn máa ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí iná bá dúró gan-an bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé e sórí ti na ìbọn, ojú ẹran ló ń wò. Ó fà mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a fẹ̀yìn ti ògiri amọ̀. Ìbọn dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń ṣépè fún òyà tó sá lọ.

Ká ní mo jáde ni, ariwo ewé tí ẹsẹ̀ mi máa mú wá ni ọkùnrin yẹn ì bá gbọ́ kó tó rí mi. Ìbọn ṣakabùlà kì í sì í ṣe ọta kan ṣoṣo. Irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń kì sí i, ó sì máa ń fọ́n ká. Ọdẹ tó ti ń rìn láti ìrọ̀lẹ́, tí oorun ti ń kùn, tó sì gbọ́ pé nǹkan wọ́ lẹ́yìn òun, kò ní pẹ́ yí padà.

Nítorí náà, ẹ wà lẹ́yìn ògiri, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín kó tó rí yín: ẹ tan rédíò, ẹ lu páànù, ẹ pariwo látinú ilé pé, “Èèyàn wà níbí o!” Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ẹni tí ẹ bá tan iná sí lójú kò rí yín mọ́, ìka rẹ̀ sì wà níbi tó wà. Ní tèmi, mo gbé iná sólà kékeré kan kọ́ sí igun ahéré, ó máa ń tàn mọ́jú. Owó rẹ̀ kò tó owó àpò ajílẹ̀ kan, ọdẹ tó bá sì ti rí i láti òkèèrè mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe igbó.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ wo ojú ibẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn mélòó? Ẹ̀jẹ̀ ẹran ńkọ́? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni ẹ máa mú lọ bá baálẹ̀.

Ṣé gbogbo iná lóru ni ti ọdẹ?

Rárá o! Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé máa ń jáde lóru lọ ṣa ìgbín. Ilẹ̀ ni iná tiwọn ń wò, ó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ sì lè gbọ́ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ rántí wọn kí ẹ tó tú ajá sílẹ̀.

Bí a bá ṣe kòńgẹ́ ara wa lójú ọ̀nà oko ńkọ́?

Ẹ kí i kí ẹ tó sún mọ́ ọn. “Àrìnpa o!” ni a fi ń kí ọdẹ. Ọdẹ gidi á dáhùn pé, “Ògún á gbọ́,” bó bá sì rí i pé àgbẹ̀ ni yín, òun náà á ní, “Àrokobọ́dúndé o.” Ẹ má fojú kéré ìkíni yìí. Ẹnu tó ti dáhùn kì í tètè bá ọwọ́ jà. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè sọ orúkọ yín àti ti bàbá yín, kí ẹ ní, “Àwa ló ń dáko níbí báyìí, a máa fẹ́ mọ ara wa.” Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ pè é ní bàbá. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ bi í pé ọmọ ta ni, ẹ sì máa gbọ́ orúkọ ẹni tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ lọ́la.

Bí kò bá dáhùn, bó bá bo ojú, tàbí tó jẹ́ pé ìbọn ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìbọn ọdẹ rárá, ọ̀rọ̀ ẹran kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ yà fún un. Ẹ má gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ tẹnu mọ́: ẹ má já ẹran gbà lọ́wọ́ ọdẹ. Ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ṣe é. Ó gba ìgalà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan láàárọ̀, ó ní orí ilẹ̀ òun ni wọ́n ti pa á. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Wọn ò yìnbọn, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ kò padà tọ́ mọ́ títí dòní. Ilé ló ti ń pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ báyìí.

Ṣé kí n ra ìbọn?

Èyí ni ìbéèrè tó pọ̀ jù, ìdáhùn rẹ̀ ni mo sì máa ń sọ tí wọn kì í fẹ́ gbọ́.

Àkọ́kọ́, ìwé àṣẹ. Òfin Ìbọn tó wà láti ọdún 1959 kò yọ ìbọn kankan sílẹ̀. Ṣakabùlà gan-an nílò àṣẹ. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé, òfin ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn ló máa ń mú un: owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín sí ₦20,000 yẹn. Ọdún mẹ́wàá ni kí wọ́n wò.

Èkejì, ìgbà wo lẹ lè yìn ín? Òfin gbà kí èèyàn gba ara rẹ̀ là bí ẹlòmíràn bá kọlù ú, tó sì dá a lójú pé ikú tàbí ọgbẹ́ ńlá ló ń bọ̀, tí kò sì rọ́nà mìíràn gbé e gbà. Òyà kò sí nínú ẹ̀. Wíwọ oko lásán kò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó bá wọ ilẹ̀ yín, ẹ lè fi agbára tó mọ níwọ̀n lé e jáde, ṣùgbọ́n òfin ní ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é léṣe. Bẹ́ ẹ bá pa á, bí ilé ẹjọ́ bá pè é ní ìpànìyàn, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Bó bá rí i pé ẹ kò gbèrò rẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ láàárín ẹbí yín àti ẹbí tirẹ̀ ò tíì kúrò ńlẹ̀ o.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí òfin kò kọ: lóru, ẹni tí ọdẹ bá rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀ lójú rẹ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá jáde lọ́wọ́ òfo, ẹ lè padà wọlé. Bẹ́ ẹ bá gbé ìbọn jáde, òun náà á sáré na ìbọn tiẹ̀ sí yín.

Kí n dẹ pàkúté, tàbí kí n na wáyà iná yí oko ká?

Kí ẹran kó sí i, ìyẹn yàtọ̀. Kí èèyàn kó sí i, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ òṣìṣẹ́ yín ló sì máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Iná ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?

Ní tèmi, iná burú ju ìbọn lọ. Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ bá dé títí di oṣù Kẹta, koríko á gbẹ, àwọn kan á ti iná bọ igbó kí òyà lè sá jáde, wọ́n á dúró tì í pẹ̀lú ajá àti kùmọ̀. Òyà márùn-ún lè jáde. Iná náà kò ní dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìhà ìwọ̀-oòrùn oko wa, níbi tí bàbá mi gbin kajú sí, jó láàárín ọ̀sán kan. Èmi kò sí ńlé. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ ṣì gbóná wọ inú bàtà, àwọn kajú náà dúró, ewé wọn pọ́n bíi pé ẹnì kan fi wọ́n díndín. Ó tó ọdún méjì kí àwọn tó yè nínú wọn tó tún so. Mo mọ ẹni tó ti iná náà bọ̀ ọ́, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Mo gbé ẹjọ́ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Wọ́n gba owó bẹ́ńsínnì lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò dé oko lẹ́ẹ̀kan. Aàfin ni ọ̀rọ̀ ti padà yanjú. Bàbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún mi, ọkùnrin tó dàgbà jù mí lọ, ojú sì tì mí ju bí inú ṣe bí mi lọ. Wọ́n ní kí ọmọ náà wá bá mi ro ilẹ̀ fún àkókò kan. Ó wá. Ó mọ iṣẹ́.

Ohun tí mo ń ṣe látìgbà náà: kí oṣù Kọkànlá tó parí, a máa ń ro ilẹ̀ yí oko ká, fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Koríko tí a bá ro, a máa ń kó o kúrò ńbẹ̀. Iná kì í fo ilẹ̀ tó mọ́ bó ṣe ń fo koríko gígé tí wọ́n fi sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè bá ẹgbẹ́ ọdẹ sọ̀rọ̀?

Ẹ béèrè Olúọdẹ ìlú náà. Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìjà, kí ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín mú yín lọ. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo: obì, ọtí, ohun tí wọ́n bá ní ó yẹ. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín.

Àdéhùn wa ò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Àwọn ọdẹ ìlú lè dọdẹ níbi tí a kò tíì ro. Wọn kò gbọ́dọ̀ yìnbọn níbi tí wọ́n bá ti lè rí iná ahéré. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lóru á kọ́kọ́ pe Bàbá tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Kò sí iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àlejò ọdẹ bá gba ibẹ̀, àwọn ló máa kọ́kọ́ bi í léèrè kí n tó gbọ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló ṣiṣẹ́ jù. Ọdẹ àjèjì kì í bẹ̀rù èmi tí mò ń gbé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tó fẹ́ kí Olúọdẹ ìlú ránṣẹ́ pe òun.

Èèyàn lè ní èyí jọ fífi ilẹ̀ ẹni tọrọ àlàáfíà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, àlejò tó ń dáko ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ní tiwa yìí, ó dà bíi pé onílẹ̀ ló ń san án fún ọdẹ. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ó dín sí owó igi kajú.

London ni mo wà. Àbúrò mi ló ń bá mi mójú tó oko, ó ní kí n fi owó ránṣẹ́ kí òun lè gba ọ̀dọ́kùnrin tó máa lé ọdẹ.

Ẹ fi owó yẹn ro ilẹ̀ yí oko ká. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ gbà láti ìlú mìíràn kò mọ ọmọ ta lọmọ ta. Bí wọ́n bá lu ẹnì kan, ẹ̀yin wà ní London, àbúrò yín ló máa bá wọn gbé.

Ta ni kí n pè bí ọ̀rọ̀ bá le?

Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa ni 112. Lóko tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dúró, ẹ kọ nọ́ńbà DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ti ọ̀gá Amọ̀tẹ́kùn ìjọba ìbílẹ̀ yín àti ti baálẹ̀ sára ògiri ahéré, kí òṣìṣẹ́ yín náà lè rí i. Oṣù Kìíní 2020 ni wọ́n ṣí Amọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló sì wọ iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni pé ẹni tí ẹ ń pè lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí ẹ ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mi ò kà á sí àbùkù. Ó ti gbà mí là rí.

Kí n gbé fọ́nrán wọn sórí Facebook kí ayé lè rí wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ní oṣù Kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan lóru, wọ́n pa ó kéré tán èèyàn 11, wọ́n dáná sun ààfin. Láti ìgbà náà, ẹni tí a kò mọ̀ tó bá gbé ìbọn kọjá ní Ìbàràpá kì í tètè dé ibi tó ń lọ. Bẹ́ ẹ bá kọ “Àwọn ajínigbé rèé o” sábẹ́ àwòrán ọdẹ méjì, ẹ kò ní lè pa á rẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tí ẹ kò fẹ́.

Ní ìparí oṣù Kẹta 2025, ní Uromi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n dá ọkọ̀ kan dúró tó gbé àwọn ọdẹ láti Port Harcourt lọ sí Kano. Ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ ni wọ́n ń lọ ṣe nílé. Wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ariwo ta pé ajínigbé ni wọ́n. Èèyàn 16, ó kéré tán, ni wọ́n pa. Bí ọwọ́ yín bá tẹ ẹnì kan, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ń da oògùn sódò tó gba inú oko mi kọjá láti pa ẹja.

Gàmálìn, tàbí oògùn kòkòrò mìíràn. Ẹ má jẹ ẹja náà, ẹ má jẹ́ kí àgùntàn mu omi náà. Èyí kò ní ọ̀rọ̀ àdéhùn nínú. Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, torí gbogbo ìsàlẹ̀ odò ló ń mu ún.

Ọdẹ wá fi akika lọ̀ mí. Wọ́n ní owó gidi wà níbẹ̀.

Ẹ má dá sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni wọ́n ti ka òwò gbogbo irú akika tó wà láyé léèwọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, òfin ọdún 1985 tiwa náà lórí ẹran tó fẹ́ run sì wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń ra ìpẹ́ akika kì í wá ní òun nìkan, ẹ kò sì fẹ́ kí irú wọn mọ ọ̀nà oko yín.

Bí ọdẹ bá mú ẹran wá fún mi, ṣé kí n gbà á?

Ẹ gbà á, bí kì í bá ṣe irú èyí tí òfin dè. Ọmọkùnrin tó jó kajú mi mú itan ìgalà wá lọ́dún tó kọjá, ó fi ewé ẹ̀kọ wé e, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ahéré, kò dúró. Bàbá ló mọ̀ pé òun ni. Ó ní bàtà òjò kan ṣoṣo ló máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn.